Ara Ọlọ́pàá Kì í Ṣe Irin: Ṣe àti Má Ṣe

Bí a bá ní iṣẹ́ ọlọ́pàá léwu, ọta adigunjalè ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títì, èéfín, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, àìsùn àti ìbọn ọwọ́ ara ẹni náà ń pa ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ewu wọ̀nyí ló ṣeé yẹ̀. Ẹ̀yin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀yin ọ̀gá tó ń rán wọn jáde.

ṢE: Ẹ wọ ẹ̀wù tó ń tàn yanran bí iná mọ́tò bá bà á. Aṣọ iṣẹ́ yín dúdú, awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ lóru ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ní tètè rí yín. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó dé orí bíréèkì, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

MÁ ṢE: Ẹ má dínà sí ibi tí títì ti yí kọ́nà, ẹ má dúró síwájú ọkọ̀ tí ẹ ń dá dúró, ẹ má sì fò mọ́ ọkọ̀ tó ń sá lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé kọ sílẹ̀.

ṢE: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ máa pààrọ̀ àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní oríta, kí ẹ sì fún wọn ní omi. Láti ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé èéfín dísù ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

ṢE: Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹ fẹ́ tú AK-47 yín, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí àpò yẹ̀pẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ yọ ilé ọta kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ yọjú wo inú, kí ẹ fi ìka kàn án bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tó bá fà á kó tó yọ ilé ọta ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ọta mìíràn wọlé. Yóò wá yọ ilé ọta, yóò gbà pé ìbọn ti ṣófo. Báyìí ni ìbọn ṣe ń “ṣèèṣì” yìn nínú àgọ́.

MÁ ṢE: Ẹ má fi ìka sí ibi tí wọ́n ń fà kí ìbọn tó yìn bí ẹ bá wà lẹ́yìn Hilux. Kòtò kan ṣoṣo ti tó.

ṢE: Lẹ́yìn ìdánrawò ìbọn, ẹ fọ ọwọ́ àti ojú kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó wọlé. Òjé wà nínú ọta àti èéfín rẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́. Ẹ dí etí yín pẹ̀lú nígbà tí ẹ bá ń yìnbọn. Etí tí ariwo ìbọn bá ti pa kì í jí mọ́.

MÁ ṢE: Ẹ má fi ìfúnpá àti oǹdè rọ́pò ẹ̀wù ayẹta.

MÁ ṢE: Ẹ má ki ọwọ́ bọ àpò ẹni tí ẹ mú. Abẹ́ tàbí abẹ́rẹ́ lè wà níbẹ̀. Ẹ bi í léèrè ná, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tẹ àpò náà láti ìta, kí ẹ wá fa aṣọ inú àpò síta kí ohun tó wà níbẹ̀ jábọ́ sílẹ̀.

ṢE: Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú irú B, kó pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá kan ojú egbò yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà HIV wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé.

MÁ ṢE: Bí tajútajú bá kó sí yín lójú, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ẹ bu omi púpọ̀ sójú.

MÁ ṢE: Ẹ má fi paraga lé oorun lọ. Ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, bíi ti ẹni tó mutí ni ara rẹ̀ ṣe ń lọ́ra. Kò yẹ kó wa ọkọ̀, kò yẹ kó gbé ìbọn. Ọ̀gá tó ń kọ orúkọ ẹnì kan náà sí iṣẹ́ ọ̀sán àti ti òru ló jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

ṢE: Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Ẹni tó gbé òkú ọmọdé jáde nínú ọkọ̀ tó jóná kò ní sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìfẹ̀hónúhàn àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sun àgọ́ ọlọ́pàá ní Èkó àti láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọlọ́pàá kú, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn náà kú. Ọgbẹ́ ọkàn àwọn tó yè é kì í hàn lójú. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn. Bí ẹnì kan bá ń lá àlákálá, tó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, tó ń bínú sódì nílé, tí èyí sì kọjá oṣù kan, ẹ rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ìjìyà.

ṢE: Ẹ yẹ orúkọ ẹni tí ẹ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajogún yín wò. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kó má dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Bó bá jẹ́ orúkọ òbí tó ti kú ló ṣì wà nínú ìwé yín, ẹ lọ yí i padà lọ́sẹ̀ yìí.