Ẹ̀KỌ́ KẸWÀÁ: Bí Ẹ́ńjìnnì Ṣe Yẹ Kó Ga Tó Nídìí Ọkọ̀

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin awakọ̀ ojú omi, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fa okùn ẹ́ńjìnnì tàbí bí wọ́n ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ epo. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń da àwọn tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú yín láàmú: níbo la ti ń wọn gíga ẹ́ńjìnnì?

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ojú omi. Ẹ tún un kà: ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni, kì í ṣe ojú omi.

Ọkọ̀ tó ṣófo máa ń léfòó. Ẹ kó agbọ̀n ẹja àti èrò sí i, á rì díẹ̀. Bó bá ń sáré, á tún gbé orí sókè. Ojú omi ò dúró lójú kan, àmọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kì í yẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè pùròpẹ́là gẹ́rẹ́. Ẹ fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì dúró ṣánṣán. Ẹ fi igi tó gún régé ti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín gbùngbùn, kó yọ dé ibi ẹ́ńjìnnì. Kí irin pẹlẹbẹ yẹn bá igi dọ́gba. Bó bá fi ínṣì kan ga jù ú lọ, kò burú.

Àwọn kan ní bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe rì tó ló ṣe ń lágbára tó. Irọ́ ni. Èyí tó rì jù ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó ń mu epo, ó sì ń gbá iyanrìn. Èyí tó ga jù, afẹ́fẹ́ ni pùròpẹ́là rẹ̀ ń gbá: á pariwo, ọkọ̀ ò ní lọ. Omi tó yẹ kó tù ú lára lè má wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná títí á fi kú.

Ẹ ronú ẹ́ńjìnnì tó kú láàárín ọ̀sà, tí ìyá ọlọ́mọ jókòó sínú ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù amúniléfòó. Ẹni tó so ẹ́ńjìnnì ní ìsokúsòó, tó sì gba owó èrò, kò ṣe ohun tó tọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn pákó ìdí ọkọ̀ yín. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú wà fún pákó tó ga tó nǹkan bí ínṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn fún nǹkan bí ínṣì 20.

Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń gbé sínú ọkọ̀, kí ẹ wà á lọ. Ẹ yí i pẹ̀lú eré. Bí ẹ́ńjìnnì bá pariwo bí ọkọ̀ ṣe ń yí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún skúrù rẹ̀ dè pinpin, kí ẹ sì fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ ọkọ̀.