Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹ̀jẹ̀ Tó Fara Sin Nínú Ojú

Igi ìdáná tí à ń là lè ta bà wá lójú. Òkò ọmọdé lè bà wá. Bọ́ọ̀lù lè gbá ni lójú, ẹ̀ṣẹ́ náà ńkọ́? Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, òde ojú ni a kọ́kọ́ máa ń wò. Bí kò bá sí ọgbẹ́, a ó ní, “Ọlọ́run yọ ọ́.” Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa sun nínú ẹyinjú, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i.

Bí inú ojú ti rí

Ẹyinjú rí roboto. Iwájú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ní ẹ̀yìn, nínú lọ́hùn-ún, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ń gba ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní awọ ìríran. Àárín awọ yìí ni ẹ fi ń ka ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Òun náà ni ẹ fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí nǹkan bá gbá ojú, iṣan wọ̀nyí lè já. Ẹ̀jẹ̀ á dà sí abẹ́ awọ ìríran, á gbé e sókè, bí omi òjò ti ń gbé ọ̀dà kúrò lára ògiri. Oúnjẹ kò ní dé ibẹ̀ dáadáa mọ́. Irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa ba awọ jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á fi ọjọ́ ṣòfò.

Àmì rẹ̀

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú tó dá, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ojú kejì wo férémù ilẹ̀kùn. Ṣé ó wọ́? Ṣé ohun dúdú dí àárín rẹ̀? Ṣé ojú ń ṣe bàìbàì? Ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ojú náà. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí àmì kankan, bí nǹkan bá gbá ojú gidigidi, ẹ lọ rí dókítà.

Ohun tí a ó ṣe

1. Kí ẹni náà jókòó, kí ó gbé orí sókè. Kí ó má ra ojú.
2. Ẹ fi ife bébà tí a gé kúrú bo ojú náà. Kí etí ife dúró lé egungun tó yí ojú ká, kí ó má kan ẹyinjú.
3. Ẹ má fi omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà tàbí omi ewé sí i. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́.
4. Ẹ má lo aspirin fún ìrora. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i.
5. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọn kò bá ní dókítà ojú, ẹ gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú bíi UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín.

Ohun tí dókítà lè ṣe

Dókítà á kán oògùn tí ń mú ọmọlójú là, á sì fi iná wo ẹ̀yìn ojú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, tí kò sí ní àárín, ó lè ní kí á sinmi, kí á sì máa padà wá. Ara lè fà á gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ ní àárín, ó lè gún abẹ́rẹ́ sínú ojú: oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, àti gáàsì díẹ̀. Aláìsàn á wá dojú bolẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí gáàsì lè ti ẹ̀jẹ̀ kúrò ní àárín. Nígbà míràn, iṣẹ́ abẹ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú yìí dára jù. Bí ó bá pẹ́, àpá lè ti mú ibẹ̀.

Ẹni tí gáàsì wà lójú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú títí dókítà á fi gbà. Gáàsì máa ń wú lókè, ó sì lè ba ojú jẹ́ pátápátá.

Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń padà sípò. Bí ó tilẹ̀ sàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò dára lè hù níbi àpá lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Abẹ́rẹ́ wà fún un. Ẹ máa fi férémù ilẹ̀kùn dán ojú náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn àgbà ní, “Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.” Ẹ wọ awò ojú bí ẹ bá ń la igi.

Ìbéèrè

1. Kí ni à ń fi àárín awọ ìríran ṣe?
2. Dárúkọ ohun 3 tí a kò gbọdọ̀ fi sí ojú.
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?