Ẹrù Ni Ó Ń Yan Ọ̀nà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kò sì sí ẹni tí yóò bá Yorùbá jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n òwe yìí ni wọ́n fi ń tan oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò sínú ẹ̀rọ, èyí tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó ti gbó. Ìmọ̀ràn tí ó wá gbòde ni pé kí onítọ̀hún gba Linux, ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ń dì fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ohun tí ó burú jáì ni kí a nu Windows kúrò kí a tó béèrè iṣẹ́ tí ẹni náà fi ń jẹun.

Ẹni tí ó ń fi CorelDRAW ya káàdì ìgbéyàwó ní Hayin Banki, ní Kàdúná, kò lè gbé ètò náà sórí Linux ní tààrà, nítorí irú rẹ̀ tí Corel ṣe fún Linux ní 2000 ti di ohun àtijọ́. Inkscape, ètò ìyàwòrán ọ̀fẹ́, lè ṣí fáìlì CDR tí CorelDRAW ń ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà lè yí padà, àwọ̀ lè ṣá, orúkọ ìyàwó sì lè yẹ̀ kúrò lójú ìlà nígbà tí oníbàárà ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Wine ńkọ́? Ògbufọ̀ ni, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1993 láti mú kí ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ó ń gbé àwọn kan, ó ń já àwọn mìíràn sílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀.

Ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju lẹ́tà, ìbéèrè ìdánwò àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ yàtọ̀. Linux Mint tí ó ní ojú Cinnamon ni kí ó mú, nítorí bọ́tìnì tí a fi ń ṣí ètò wà ní igun òsì nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti mọ́ ọn. LibreOffice yóò ṣí ìwé Word rẹ̀. Ohun kan sì dùn mọ́ni níbẹ̀: a lè yan ìtò bọ́tìnì Yorùbá láti tẹ ẹ, ọ àti ṣ, kí a tún yan ti Hausa fún ɓ, ɗ àti ƙ, láìra ohunkóhun. Ní àdúgbò tí èdè méjèèjì ti ń pàdé lójoojúmọ́, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹni tí ó ń lọ lọ́wọ́ òfo ni òwe yẹn bá wí. Ẹni tí ó ru ẹrù ńlá lè rí ọ̀nà márùn-ún kí ó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni yóò gba ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìdánwò kò ná ni ní nǹkan: a lè kọ Mint sórí fílásì, kí a tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, kí a lò ó ní odindi ọjọ́ kan láìfọwọ́ kan Windows. Kí ẹni tí CorelDRAW ń bọ́ má ṣe jẹ́ kí wọ́n nu Windows rẹ̀ títí yóò fi ṣí fáìlì oníbàárà mẹ́ta tí ó le jù lórí fílásì náà, tí yóò tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, tí yóò sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ wò.