Owó Ọkọ̀ Náà, Oògùn Ni
Ìlera loògùn ọrọ̀. Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára bánà tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ kan ní Àgbàdo nìyẹn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to àga. Obìnrin wo ló kù sílé l'Ágbàdo ní aago mẹ́wàá? Aláta ti wọ ọjà láti ìdájí. Ẹni tó ń gbálẹ̀ fún wọn l'Ékòó ti bá ọkọ̀ ojú irin dé Oyíngbò. Àwa arúgbó la jókòó, àwọn tó gbé ètò wá ń ya fọ́tò wa.

Ìyá ẹlẹ́kọ kan ṣáà yà wá, ó gbé igbá kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì wé rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó tún un fẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. 190 ni tòkè." Ó kọ ìwé péńpé, ó ní kí ìyá máa lọ sí ọsibítù ìjọba n'Ífọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá ká ìwé náà, ó fi há etí ìró. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ó fún mi lówó ọkọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní ọṣẹ ìfọṣọ kan. Ó gbé igbá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Bí tòkè bá ti ń ju 140 lọ léraléra, oògùn ojoojúmọ́ ló kàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọpárọsẹ̀ lè dé. Ẹni tó wò ó tí kò fún un ní oògùn, ẹ̀rù ló fún un gbé lọ sílé.

Kì í ṣe pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìlera tọ èèyàn lọ. Nígbà tí Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè fún àwọn aláboyún ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2009, òṣìṣẹ́ ìlera ló ń wá aláboyún lọ sílé. Wọ́n tún fún aláboyún ní fóònù tí yóò fi pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí làwọn kan ṣì ń lọ, wọ́n dá Agbẹ̀bíyè sílẹ̀: agbẹ̀bí tó bá mú aláboyún wá sí ọsibítù ń gba nǹkan. Wọn ò pòwe fún un. Oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n rò.

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn níhìn-ín náà, ní October 2023, nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ dé fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, wọ́n gbé e bá wọn dé ilé ìwé, lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, òwe yẹn, ẹni tó jẹun yó ló ń bá wí. Ìlera loògùn ọrọ̀ fún ẹni tó ti ní owó ọkọ̀. Fún ìyá ẹlẹ́kọ, owó ló ṣáájú: bí ó bá lọ s'Ífọ̀, ẹ̀kọ ọjọ́ náà kan nìyẹn, kò sì sóhun tí àwọn ọmọ yóò jẹ lálẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹ́yinjú àánú, bí ẹ bá tún ń bọ̀ l'Ágbàdo, ẹ dé ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ tẹ́ àga sẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ẹ gbé oògùn oṣù kan dání, àti owó ọkọ̀. Ẹ fi bánà sílé.