Òkúta Ẹfun: Ìdásílẹ̀, Àbùdá àti Ìlò Rẹ̀, pẹ̀lú Àkíyèsí lórí Orúkọ Rẹ̀

Òkúta ẹfun ni wọ́n sábà ń pe òkúta tí ó jẹ́ olórí èròjà sìmẹ́ńtì. Orúkọ náà rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí olùkọ́ kan ní Ìkòtún bá ra ẹfun lọ́jà, tí ó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i láti fi òkúta ẹfun han kíláàsì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹfun náà má hó rárá, nítorí amọ̀ funfun ni ẹfun ọjà sábà máa ń jẹ́.

1. Ìdásílẹ̀
Òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni òkúta ẹfun, èyíinì ni òkúta tí ó ti ara ohun tí ó silẹ̀ sábẹ́ omi wá. Bí ògì ti ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun ń kó jọ sísàlẹ̀ omi, títí ìwúwo ti òkè yóò fi tẹ ti ìsàlẹ̀ di òkúta. Ti Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn silẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun bo agbègbè náà. Ní Alímọ̀ṣọ́, iyanrìn àti ilẹ̀ pupa ni ó wà lókè. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgàndó kò lè rí òkúta ẹfun ṣà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

2. Àbùdá
Kálísíọ́mù kábónétì ni èròjà rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ó funfun. Ó lè ní àwọ̀ eérú. Ásíìdì ni í fi í hàn: a máa hó, nítorí gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì tí ń jáde. Bí wọ́n bá sun ún dé nǹkan bí 900°C, gáàsì yìí kan náà ni yóò jáde. Kìlógíráàmù 100 tí kò ní àbùlà yóò ku 56.

3. Ìlò
Àgbẹ̀ ń fi òkúta ẹfun sísun tún ilẹ̀ tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀jù ṣe. Fún sìmẹ́ńtì, wọ́n ń pò ó mọ́ amọ̀, wọ́n sì ń sun ún dé nǹkan bí 1450°C. Ilé-iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ti Ṣàgámù ní 1978. Òkúta yìí ni olórí èròjà sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ẹgbẹ́dá.

4. Orúkọ
Àwọ̀ ni “ẹfun” ń tọ́ka sí. Èròjà ni sáyẹ́ǹsì ń wá. Ẹfun tí àwọn olórìṣà Kúbà ń fi èèpo ẹyin ṣe yóò hó bí òkúta Ewékorò; ẹfun tí ó jẹ́ amọ̀ kò ní hó. Ó yẹ kí “òkúta ẹfun” dúró fún òkúta kálísíọ́mù kábónétì nìkan, kí “amọ̀ funfun” jẹ́ orúkọ ìkejì, kí “ẹfun” lásán sì wà fún ọjà àti ojúbọ. Bí ìwé-ẹ̀kọ́ bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, wọn yóò sì sọ fún un pé ó ṣì í.