IṢẸ́ ÌWÁDÌÍ ÌṢÈGÙN KÌ Í ṢE IṢẸ́ ẸNÌ KAN: Ẹ̀KỌ́ LÁRA SÒBÌÀ NÍ ÌBÀRÀPÁ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. 

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Òwe yìí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ àrùn náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé òde òní kò rí i rí. Báwo ni ó ṣe kásẹ̀ nílẹ̀?

KÍ NI SÒBÌÀ? Aràn ni. Kòkòrò tíntìntín inú adágún omi ni ó ń gbé ọmọ aràn náà mì. Bí ènìyàn bá mu omi náà, aràn yóò dàgbà nínú ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, ó sì lè gùn tó mítà kan, kí ó tó lu ẹsẹ̀ jáde pẹ̀lú ìrora. Bí aláìsàn bá ti ẹsẹ̀ náà bọ omi, aràn yóò tú ọmọ síbẹ̀. Kò sí oògùn tí ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

ÀWỌN WO NI Ó ṢIṢẸ́ NÁÀ? Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ìgbèríko ní Ìgbó-Ọrà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ń ti Ìbàdàn wá síbẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ní 1977, Dókítà Ọládélé Kálé tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí sòbìà ní agbègbè Ìbàdàn jáde. Ìlú Ìdèrè ni Jane Guyer, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé-ayé ènìyàn, ti kọ́kọ́ ṣèwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1968 sí 1969. Ní 1990, òun àti William Brieger, olùkọ́ nípa ìlera ní Yunifásítì Ìbàdàn, jọ kọ̀wé lórí ohun tí àgbẹ̀ ń pàdánù nígbà tí sòbìà bá dá a dúbúlẹ̀. Ní Ìdèrè yìí kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí a yàn láàrin ará ìlú kópa nínú ṣíṣe asẹ́ aláṣọ ọ̀rá tí a fi ń sẹ́ omi mímu, wọ́n sì ń tà á fún aráàlú.

Ẹ kíyè sí i: dókítà mọ aràn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ó mọ adágún tí wọ́n ń mu lóko. Ìyá ilé ni ó mọ̀ bóyá asẹ́ náà rọrùn láti lò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

SÙÚRÙ ÀTI ÀMÁNÀ. Nítorí pé ọdún kan ni aràn fi ń dàgbà, omi tí a sẹ́ lónìí, ó di àmọ́dún kí a tó rí èrè rẹ̀. Olùwádìí tí kò ní sùúrù yóò sọ pé asán ni. Òǹkà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ wá aláìsàn kiri jákèjádò Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, iye tí a rí lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Enugu ni a ti rí ẹni ìkẹyìn ní oṣù kọkànlá 2008. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò kéde pé Nàìjíríà bọ́ títí di oṣù kejìlá 2013. A ń ṣọ́ ọ, a sì ń béèrè láti ilé dé ilé. Ẹni tí ó fi aláìsàn pamọ́, àti ẹni tí ó kọ iye tí kò rí sílẹ̀, àwọn méjèèjì dalẹ̀ àmánà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ mú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì gírí, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń fetí sí àgbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń wá àti ìlò rẹ̀; bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Orúkọ ẹni tí ó sẹ́ omi fún ọmọ rẹ̀ tí kò sì ti ẹsẹ̀ elégbò bọ odò kò sí nínú ìwé àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ń ṣeni láǹfààní. Àmín.