Adapter Wi-Fi fún Tẹlifíṣọ̀n: Ẹ Wo Nọ́ńbà Kí Ẹ Tó Náwó

Owó orí, ilé rírà àti owó ilé-ìwé ọmọ ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní ojú ewé ọrọ̀ ajé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ń jẹ owó mọ́ wa lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a fura. Ohun náà ni adapter Wi-Fi, èyí tí a ń fi sí ihò USB ní ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kí ó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì láìlo wáyà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Màmá wá kí wa láti ilé, a sì gbé tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ sí yàrá tí wọ́n wà, kí wọ́n lè máa wo ìsìn ọjọ́ Ìsinmi àti fíìmù Yorùbá. Nínú oṣù Kìíní, nígbà tí yìnyín bo gbogbo Auburn Gresham tí àgbàlagbà kò lè jáde, adapter rẹ̀ kú. Fóònù kéré jù fún ojú Màmá. Bí a bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, Màmá nìkan ni yóò kù nílé, tí wọn yóò máa wo fèrèsé. Ẹni tó bá ti gba òbí lálejò nígbà òtútù mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ibẹ̀ ni "ẹ dá mi padà sílé" ti ń bẹ̀rẹ̀.

A sáré lọ sọ́jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ra adapter mẹ́ta: dọ́là 16, dọ́là 19 àti dọ́là 22. Gbogbo wọn ló wọ ihò náà dáadáa. Iná kékeré tó wà lára méjì nínú wọn tilẹ̀ tàn. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò dá ọ̀kankan mọ̀. Màmá wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kì í ṣe gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó bá wọ ihò ló ń ṣílẹ̀kùn." Àwa tí a ń bá ẹlòmíràn ṣírò owó la ná dọ́là 57 láìbéèrè ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Ohun náà ni a fẹ́ kọ́ ara wa lónìí.

Kí ló dé tó fi ń wọlé tí kì í ṣiṣẹ́?

Inú adapter kọ̀ọ̀kan ni chip kan wà tó ń gba Wi-Fi. Kí ẹ̀rọ tó lè bá chip yẹn sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní driver. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ògbufọ̀. Bí a bá ra adapter fún kọ̀ǹpútà, a lè gba ògbufọ̀ rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kí a gbé e sínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ parí. Tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá fi sínú rẹ̀ nìkan ló ní, kò sì gba òmíràn lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, kì í ṣe àwa tí a ń rà á ló ń yan adapter, kì í sì í ṣe ẹni tó ń tà á. Tẹlifíṣọ̀n ló ń yàn án.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "universal" tó wà lára páálí kò fi gbọdọ̀ tàn wá. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà ń bá wí. Adapter méjì lè jọra bí ìbejì, kí chip inú wọn yàtọ̀. Kódà orúkọ kan náà lè wà lára méjèèjì, kó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ti yí chip padà láàárín, tó sì jẹ́ pé àmì V1 tàbí V2 nìkan ló fi ìyàtọ̀ hàn.

Nǹkan bí 2009 sí 2012 ni ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀. Nígbà náà, wọ́n ń kọ "Wi-Fi ready" sára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè gba Wi-Fi, ṣùgbọ́n kò sí i nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ra adapter ilé-iṣẹ́ náà lọ́tọ̀, ó sì lè tó nǹkan bí dọ́là 80. Samsung ní WIS09ABGN, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe WIS12ABGNX. LG ní AN-WF100. Sony ní UWA-BR100. Panasonic ní DY-WL10. A kò gbọdọ̀ retí pé ti ilé-iṣẹ́ kan yóò ṣiṣẹ́ lára tẹlifíṣọ̀n ilé-iṣẹ́ mìíràn. Láàárín ilé-iṣẹ́ kan náà pàápàá, ti ọdún kan lè má bá ti ọdún mìíràn mu. Irú àwọn tẹlifíṣọ̀n wọ̀nyí ṣì wà ní yàrá àlejò àti ní ìsàlẹ̀ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí pé àwòrán wọn ṣì dára.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá adapter ló kú lóòótọ́

Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́rin yìí. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

1. Ẹ yọ wáyà iná tẹlifíṣọ̀n àti ti router lára ògiri fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó dá a padà. Kí ẹ fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n nìkan kò tó, nítorí pé kì í kú tán bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ tan hotspot fóònù yín nítòsí tẹlifíṣọ̀n, kí ó wà lórí 2.4 GHz. Bí tẹlifíṣọ̀n bá rí hotspot tó sì wọlé, adapter kò kú. Router ni kí ẹ yẹ̀ wò.

3. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ router yín. Àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan kò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ, wọn kò sì mọ WPA3, irú ìdáàbòbò tó jáde ní 2018. Bí router tuntun bá ń béèrè WPA3 nìkan, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó gba WPA2 pẹ̀lú, kí ẹ sì tan 2.4 GHz. Ẹ má yọ password kúrò o.

4. Ẹ fi flash tó ní fọ́tò sí ihò USB kan náà. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá rí òun náà, àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ pé ihò ló bàjẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí adapter tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ tún rántí irú ilé tí a ń gbé. Bungalow oníbíríkì, tí wọ́n ti kọ́ kí ọdún 1940 tó dé, ló pọ̀ ní Auburn Gresham. Ògiri rẹ̀ nípọn. 5 GHz máa ń yára ju 2.4 GHz lọ, ṣùgbọ́n 2.4 GHz ló ń la ògiri kọjá dáadáa jù. Bí router bá wà ní pálọ̀ iwájú tí tẹlifíṣọ̀n sì wà ní ìsàlẹ̀ ilé lẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé adapter kò kú, kò kàn gbọ́ ohun tí router ń sọ ni. Ẹ gbé router súnmọ́ ọn kí ẹ wò ó ná.

Bí ó bá kú lóòótọ́, báwo la ṣe ń yàn án?

Àkọ́kọ́, ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà model sí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ má fi lẹ́tà kankan sílẹ̀, títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. "Samsung, ínǹṣì 46" kì í ṣe nọ́ńbà.

Ìkejì, ẹ wá ìwé ìlò rẹ̀ lórí ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa wireless network. Orúkọ adapter tó gbà yóò wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé lè lo ti ilé ìkàwé Thurgood Marshall ní 7506 South Racine.

Ìkẹta, ẹ fi orúkọ tó wà nínú ìwé ìlò wé èyí tó wà lára ọjà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ má san owó títí ẹ ó fi mọ ìdí.

Ìkẹrin, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn ní Wi-Fi nínú ara wọn. Bí tiwọn bá bàjẹ́, páálí kékeré kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi sí ihò USB. Páálí náà ní nọ́ńbà tirẹ̀: ti Samsung sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN59, ti LG pẹ̀lú EAT. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ṣí i. Iná lè kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà lára ògiri, ó sì lè gbé ènìyàn.

Ìkarùn-ún, èyí tí ẹ ó rí fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè jẹ́ àlòkù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń gba ọjà padà, àti ta ni yóò san owó ìfiránṣẹ́. Ẹ pa rìsíìtì mọ́. Ọjọ́ tó bá dé gan-an ni kí ẹ dán an wò. Àwa fi tiwa sínú dúrọ́ọ̀ títí ọjọ́ fi kọjá, ẹ̀bi wa sì ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa kò béèrè.

Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí a rà á?

Ibí yìí ni ìṣírò wà. Ká ní adapter tó yẹ gan-an la rí, kí ni tẹlifíṣọ̀n yóò lè fi íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣe? App inú tẹlifíṣọ̀n máa ń kú ṣáájú tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Kẹrin 2015, app YouTube dáwọ́ dúró lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní 2012 àti ṣáájú. Ní oṣù Kejìlá 2019, Netflix kúrò lórí àwọn kan nínú tẹlifíṣọ̀n Samsung ti 2010 àti 2011. Ẹni tó bá ra adapter dọ́là 50 fún irú wọn ti la ọ̀nà lọ sí ọjà tí kò ná mọ́.

Ọgbọ́n tó wà ni pé kí a kọ́kọ́ fi wáyà gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ara tẹlifíṣọ̀n, ká fi dán app wò. Bí app bá ṣí, ó yẹ kí a náwó sí i. Bí kò bá ṣí, kí a fi adapter sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà tí kò béèrè ògbufọ̀ kankan:

Wáyà LAN. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ní ihò LAN, wáyà yìí kò wọ́n, kò sì ń bá ògiri jà. Ihò LAN ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ń gba 100 Mbps, bẹ́ẹ̀ Netflix kò béèrè ju 5 Mbps lọ fún àwòrán Full HD, 15 Mbps fún 4K.

Extender tó ní ihò LAN. A ó fi sí iná nítòsí tẹlifíṣọ̀n. Òun ni yóò gba Wi-Fi, tí yóò fi wáyà kúkúrú gbé e wọ ihò LAN. Tẹlifíṣọ̀n yóò rò pé wáyà ni, kò ní béèrè chip lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Stick tí a ń fi sí ihò HDMI, irú bíi Roku tàbí Fire TV Stick. Ó ní Wi-Fi tirẹ̀ àti app tirẹ̀. Àwòrán nìkan ló ń bá tẹlifíṣọ̀n yá. Fún tẹlifíṣọ̀n tí app rẹ̀ ti kú, èyí ló dára jù.

Ẹ wo ìṣírò ilé wa. Owó orí ọjà ní Ṣìkágò ju sẹ́ǹtì 10 lórí dọ́là kan lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi 10 ṣírò kó lè rọrùn.

Adapter mẹ́ta: dọ́là 57, owó orí 5.70, àpapọ̀ 62.70.
Stick kan: dọ́là 30, owó orí 3, àpapọ̀ 33.
Ìyàtọ̀: dọ́là 29.70.

Ẹ má fojú kéré e. Dọ́là 30 lóṣù ni ìjọba àpapọ̀ ń fi ran ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ lórí owó íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ètò ACP, kí ètò náà tó parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2024. Láti ìgbà náà, àpò wa ló ń san án. Ohun tí a fi ṣòfò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrànlọ́wọ́ oṣù kan.

Ohun tí a ó ṣe láti ìsinsìnyí

Ní 2010, nígbà tí owó ìjọba àpapọ̀ wọlé láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìlò íntánẹ́ẹ̀tì, Auburn Gresham wà lára àdúgbò márùn-ún tí wọ́n mú fún ètò Smart Communities ní Ṣìkágò. Owó ètò tán, ṣùgbọ́n a lè kọ́ ara wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra adapter, kí ó mú fọ́tò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá sí ìpàdé. Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò bá a wá ìwé ìlò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí tẹlifíṣọ̀n bá sì ti kú tán, ẹ má gbé e sínú pàǹtí. Láti 2012 ni òfin Illinois ti kà á léèwọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ àlòkù ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní ilé tiwa, a fi wáyà dán tẹlifíṣọ̀n náà wò níkẹyìn. App rẹ̀ kò ṣí. A ra stick kan, Màmá sì wo ìsìn wọn ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò sọ̀rọ̀ ilé mọ́ títí òtútù fi lọ.

Adapter mẹ́ta náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Wọn yóò ṣiṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá nílò wọn, kí ó gbà wọ́n ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kí Olúwa má jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ fún òfò. Àṣẹ.